Okùn kìíní àti ìkejì kò dún mọ́ nínú ańpù lẹ́yìn tí mo ha saddle, bátìrì náà sì ń tètè kú

Táyé_Olókùn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Gìtá dreadnought ni mo ní, spruce ni pákó ojú rẹ̀. Pickup piezo (ohun tó ń gba ohùn gìtá ránṣẹ́ sí ańpù) wà lábẹ́ saddle, ìyẹn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí okùn gbà lé lórí bridge, pákó tó di okùn mú lójú gìtá; preamp, tó ń gbé ohùn pickup ga, sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gìtá pẹ̀lú bọ́tìnì volume, bass, mid, treble, notch, phase àti tuner. Bátìrì 9V kan ló ń lò. Okùn phosphor bronze, 12 sí 53, ló wà lórí rẹ̀.

Okùn ga jù tẹ́lẹ̀: mìlímítà 3.2 lábẹ́ okùn kẹfà, lórí fret 12 (fret ni irin tó dábùú ọrùn gìtá). Mo fi sáńdípépà ha ìdí saddle títí gíga yẹn fi wá sí 2.5. Ó ti rọ ìka lọ́rùn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, okùn kìíní kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde nínú ańpù mọ́, ìkejì sàn díẹ̀, kẹta sí karùn-ún ń pariwo. Láìsí wáyà, gbogbo wọn dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ kejì: bátìrì alkaline tuntun kì í ju ọjọ́ 9 lọ, bẹ́ẹ̀ mo máa ń yọ wáyà lẹ́yìn tí mo bá ti lò ó tán. Bí mo bá sì fọwọ́ kan plug nídìí gìtá, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló ń ṣe. Ẹ̀kẹta, tí a bá ti ṣí sípíkà sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì, gìtá á bẹ̀rẹ̀ sí í hó wùùù, pàápàá nígbà tí mo bá ta G nísàlẹ̀. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Ẹnìkan ní kí n ra pickup mìíràn.

---

Káfíńtà_Gìtá

Má tíì ra nǹkan kan, àbúrò. Fi bọ́tìnì EQ náà (bass, mid àti treble) sílẹ̀ ná. Pickup abẹ́ saddle kì í gbọ́ ohùn bí etí ṣe ń gbọ́ ọ, ìtẹ̀ ló ń gbọ́. Okùn ń gbọ̀n, saddle ń tẹ piezo mọ́lẹ̀, piezo sì ń sọ ìtẹ̀ yẹn di iná kékeré. Níbi tí ìdí saddle kò bá ti jókòó lé pickup dáadáa, okùn ibẹ̀ kò ní dún nínú ańpù, bó ti wù kó dún tó láìsí wáyà.

Bí ènìyàn bá ń fi ọwọ́ lásán ha saddle, ọwọ́ máa ń fì. Orí méjèèjì á jẹ ju àárín lọ, ìdí rẹ̀ á wá rí bí ìdí ọkọ̀ ojú omi. Àárín nìkan ló ń tẹ pickup nígbà náà. Okùn kẹfà nípọn, a kì í tètè fura lára rẹ̀. Lára okùn kìíní ni àṣírí ti máa ń tú.

Dán èyí wò kó o tó tú ohunkóhun: so gìtá mọ́ ańpù, fi gbogbo EQ sáàárín, fi àtàǹpàkò tẹ orí saddle gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn kìíní bó o ṣe ń ta okùn náà. Bí ohùn bá jáde sí i, ìjókòó saddle ló bàjẹ́. Tún fi ìdí pẹ́ńsùlù kan saddle díẹ̀díẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, kó o gbọ́ bóyá ó ń ró bákan náà. Bí ibì kan bá dákẹ́ pátápátá, tí títẹ̀ kò sì mú nǹkan kan yí padà, ìgbà yẹn la tó lè máa sọ pé piezo ti fọ́ níbẹ̀.

Láti yọ saddle, fi capo (ohun tí a fi ń fún okùn mọ́ ọrùn gìtá) sí fret 1 kí okùn má baà tú kúrò lára kọ́kọ́rọ́. Dẹ gbogbo okùn, kó o yọ pín (èèkàn kékeré tó di ìdí okùn mú lórí bridge). Pín tó bá le, ti ọwọ́ bọ ihò gìtá kó o fi owó ẹyọ tì í láti ìsàlẹ̀. Bó o bá fi pliers fà á láti òkè, orí rẹ̀ á já. Saddle ni kó o fi pliers mú, pẹ̀lú aṣọ láàárín, kó o fà á sókè gbọọrọ láìfì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Má fi ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó tú pickup tó wà nísàlẹ̀.

Wá táìlì tàbí gíláàsì tó tẹ́jú, lẹ sáńdípépà 220 mọ́ ọn. Fi pẹ́ńsùlù ya ìdí saddle láti òpin dé òpin. Gbé pákó kékeré onígun mẹ́rin sẹ́yìn rẹ̀ kó lè dúró ṣánṣán, torí ìdí tó bá dagun sí iwájú tàbí ẹ̀yìn kò wúlò bó tilẹ̀ tẹ́jú. Fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí ọ̀nà kan ṣoṣo, yí orí rẹ̀ padà, tún fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó o wá wò ó. Ibi tí pẹ́ńsùlù bá ṣẹ́kù sí ni sáńdípépà kò tíì kàn. Nígbà tí pẹ́ńsùlù bá parẹ́ níbi gbogbo, fi 400 fà á lẹ́ẹ̀mélòó kan, ó tán. Gbé etí rúlà onírin sí i, kó o gbé méjèèjì dojú kọ iná: ìmọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ yọ láàárín wọn.

Wo inú ihò saddle pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Eruku sáńdípépà kan ṣoṣo lábẹ́ pickup tó láti gbé e sókè. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kó o fi gbá a. Wo ibi tí wáyà pickup ti wọ inú gìtá lọ. Bí etí ihò náà bá mú, pickup á ká sókè níbẹ̀, okùn tó wà lókè rẹ̀ á sì máa pariwo ju àwọn yòókù tàbí kó dákẹ́. Etí yẹn gbọ́dọ̀ dagun kó sì ṣe róbótó.

Wo bí saddle ṣe fún sí nínú ihò pẹ̀lú. Ìka lásán ló yẹ kó lè tì í wọlé, kó má sì já bọ́ nígbà tó o bá dojú gìtá délẹ̀. Bí ó bá fún jù, ẹ̀gbẹ́ ihò ló ń gbé agbára okùn, kò ní dé ọ̀dọ̀ pickup. Bí ó bá tú jù, á fì síwájú, etí kan ṣoṣo ni yóò fi máa tẹ̀. Nínípọn saddle tó wọ́pọ̀ jẹ́ mìlímítà 2.4 tàbí 3.2, fi caliper wọn tìrẹ ní ìpẹ̀kun méjèèjì àti àárín.

Nígbà tó o bá ń fa okùn padà, bẹ̀rẹ̀ láti àárín: kẹta àti kẹrin, lẹ́yìn náà ìkejì àti karùn-ún, kí kìíní àti kẹfà tó tẹ̀ lé e. Báyìí saddle á sọ̀ kalẹ̀ lọ́gbọọgba.

Àwọn kan á ní kó o ki bébà sábẹ́ okùn tí kò dún. Fi ṣe ìdánwò bó o bá fẹ́, lábẹ́ pickup, kì í ṣe láàárín pickup àti saddle. Má fi sílẹ̀ níbẹ̀. Bébà máa ń fún pọ̀ bí ọjọ́ ṣe ń lọ, ó sì máa ń gbẹ̀mí lẹ́nu okùn.

---

Wáyà_Tààrà

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n Káfíńtà. Ẹ jẹ́ kí n mú ti bátìrì, nítorí ìṣirò ibẹ̀ dùn.

Bátìrì alkaline 9V máa ń gbé nǹkan bí 500 mAh. Ọjọ́ 9 jẹ́ wákàtí 216. Ẹ pín 500 sí 216, nǹkan bí 2.3 mA ló máa jáde. Irú iye tí preamp máa ń jẹ nígbà tó wà ní títàn nìyẹn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé preamp yín kì í kú rárá, tọ̀sán-tòru ló ń ṣiṣẹ́, ẹ yọ wáyà tàbí ẹ kò yọ ọ́.

Jack ìdí gìtá ni swíìṣì. Ibi mẹ́ta ni wáyà ti dé e: orí, òrùka àti ara. Ohùn wà ní orí, earth wà ní ara, wáyà dúdú bátìrì wà ní òrùka. Tí ẹ bá ti plug mono bọ̀ ọ́, plug náà á so òrùka mọ́ ara, iná bátìrì á sì kọjá. Tí ẹ bá yọ ọ́, iná á gé. Torí náà, bí nǹkan kan nínú gìtá bá ti so òrùka mọ́ ara láìsí plug, kò sí ohun tí yóò pa preamp. Ó lè jẹ́ irun wáyà kan tó yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí léèdì (tí a fi ń jó wáyà mọ́ra) tó ṣàn jù, tàbí ahọ́n jack tó ti tẹ̀. Èmi fọkàn sí irun wáyà, nítorí kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí ẹ ń gbọ́ fi hàn pé jack yín ti ń yí nínú ihò, ó sì ti ń lọ́ wáyà.

Ẹ fi mítà wò ó. Ẹ gbé e sí mA, ẹ yọ ẹnu kan clip kúrò lórí bátìrì, kí ẹ fi mítà sáàárín ẹnu yẹn àti bátìrì. Láìsí plug, 0 ló gbọ́dọ̀ kà. Pẹ̀lú plug, yóò ka 1 sí 3 mA nínú ọ̀pọ̀ jù lọ. Tuner ní títàn á fi kún un. Bí ó bá ka ohunkóhun láìsí plug, jack ni.

Láti tú jack, ẹ dẹ okùn kí ọwọ́ lè wọlé. Ẹ fi sípánà tú nọ́ọ̀tù ìta, ẹ ti jack wọ inú, kí ẹ fà á jáde láti ihò àárín gìtá pẹ̀lú ìṣọ́ra. Ẹ yọ bátìrì kí ẹ tó gbé irin gbígbóná súnmọ́ ọn. Ẹ gé irun wáyà tó yọ, ẹ fi léèdì tuntun díẹ̀ jó o padà, ẹ má ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ lórí ẹnu kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi rọ́bà ìsúnkì bò ó. Wáyà tó ti ọ̀dọ̀ piezo wá kò fẹ́ iná rárá. Bí kò bá já, ẹ má kàn án.

Nígbà tí ẹ bá ń dá jack padà, nọ́ọ̀tù inú ló ń pinnu bí ó ṣe máa yọ síta tó. Bí òun bá jìn jù, plug kò ní wọlé tán, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ á padà. Ẹ ti ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí Allen key kékeré bọ ihò tó wà lẹ́nu jack kó má baà yí, kí ẹ tó fún nọ́ọ̀tù ìta. Ìdọ̀tí inú jack ńkọ́? Contact cleaner díẹ̀ lára plug, kì í ṣe nínú gìtá, kí ẹ tì í wọlé kí ẹ fà á jáde nígbà mẹ́wàá. Kerosene kò sí níbẹ̀ o, epo rẹ̀ á máa kó eruku jọ.

Ohun kan tún wà tó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì: wáyà TRS, èyí tó ní òrùka méjì dúdú lórí plug. Bí ẹ bá fi lọ sínú míksà, kò ní so òrùka mọ́ ara lẹ́nu jack, preamp kò ní tàn, gìtá kò ní dún. Wáyà mono lásán ni kí ẹ máa lò. Tí wáyà bá sì máa gùn dé orí ìtàgé, ẹ gba inú DI box (àpótí kékeré tó ń mú ohùn gìtá bá míksà mu lórí wáyà gígùn) kọjá.

Bátìrì tuntun máa ń ka 9.5V tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ sí 7.5V ní lílò, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má dúró de ìgbà tí ohùn á máa fọ́. Bátìrì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ heavy duty sí kì í ṣe alkaline, agbára rẹ̀ kò tó.

---

Ìdí_Míksà

Tèmi ni ti wùùù yẹn. Ó jọ bí ẹni pé G ló ní ẹ̀bi, ṣùgbọ́n ara gìtá ni. Afẹ́fẹ́ inú dreadnought máa ń dáhùn ní nǹkan bí 100 Hz (ìgbọ̀n 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), G tó wà ní fret 3 okùn kẹfà sì jẹ́ 98 Hz. Sípíkà ń gbọn gìtá, gìtá ń rán an padà sínú pickup, wọ́n á wá máa pe ara wọn. Ohun tó ṣiṣẹ́ jù, tó sì rọjú, ni ìdérí rọ́bà fún ihò gìtá. Ẹ fi dé e kí ẹ tó fọwọ́ kan míksà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dúró sí ibi tí ẹ ó ti ta á gan-an, ẹ ṣí ohùn dé ibi tó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hó, kí ẹ tẹ phase (bọ́tìnì tó ń dojú ìgbì ohùn dé). Ọ̀kan nínú ipò méjèèjì á dákẹ́ ju èkejì lọ. Kò sí èyí tó tọ̀nà títí láé, nítorí ó kù sí bí ẹ ṣe jìnnà sí sípíkà. Bí ẹ bá sún, ẹ tún un dán wò. Notch, tó ń gé ibì kan ṣoṣo nínú ohùn, ni kí ẹ wá yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí wùùù yóò fi rọ̀. Bí notch bá ti mú un, ẹ kò ní láti gé bass gìtá lọ bí ẹni gé igi.

Lórí míksà, ẹ tan high-pass (tó ń gé ohùn ìsàlẹ̀) ní 80 Hz. E ìsàlẹ̀ jẹ́ 82.4 Hz, ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe orin, ẹsẹ̀ onílù àti ariwo jẹnẹrétọ̀ ló kún ibẹ̀. Bí ohùn bá ń dún bí rọ́bà, bí piezo ti máa ń ṣe tí a bá ta á kíkan, ẹ wá ibẹ̀ pẹ̀lú mid láàárín 1 kHz sí 3 kHz, kí ẹ yọ 3 tàbí 4 dB. Yíyọ ló dáa ju fífi kún lọ. Volume gìtá sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ìyókù kí gain míksà gbé e. Volume tó rẹlẹ̀ jù lórí gìtá máa ń mú kí ariwo hísìì pọ̀ lójú míksà.

---

Táyé_Olókùn

Mo dúpẹ́ gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo tẹ saddle bí ẹ̀gbọ́n Káfíńtà ṣe wí: okùn kìíní bú jáde. Nígbà tí mo fa á lórí gíláàsì, àárín ló kọ́kọ́ parẹ́, pẹ́ńsùlù ṣẹ́kù sí ìpẹ̀kun méjèèjì, ó tó mìlímítà 10 ní ti okùn kìíní. Mo ha á títí ó fi tẹ́. Okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti dọ́gba nínú ańpù.

Mítà ka 2.2 mA láìsí plug. Irun wáyà méjì láti òrùka ló ń kan ara jack. Mo gé wọn, mo jó o, 0 ló ń kà báyìí.

Ìṣòro tó kù: gíga okùn kẹfà ti di 2.2, okùn kìíní 1.4, ó sì ń jà lára fret 2 àti 3 bí mo bá ta á kíkan. Ṣé kí n ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ saddle ni?

---

Ọyẹ́_àti_Òjò

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó fọwọ́ kan saddle lẹ́ẹ̀kejì, ẹ wo ọrùn gìtá. Jíjà lára fret 2 àti 3 sábà máa ń jẹ́ ọrùn tó tọ́ jù tàbí tó yọ ẹ̀yìn. Capo sí fret 1, ẹ tẹ okùn kẹfà ní fret 14, kí ẹ wo àlàfo tó wà láàárín okùn àti fret 7. Nǹkan bí mìlímítà 0.2 ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí kò bá sí àlàfo kankan, ẹ dẹ truss rod (irin inú ọrùn gìtá) ní ìdá kan nínú mẹ́jọ àyíká kan, ẹ tún okùn ṣe kó wọ ohùn, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ẹ má yí i ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tí wọ́n ní ga tẹ́lẹ̀ yẹn, òjò ló gbé e. Nígbà òjò, pákó ojú gìtá máa ń mu omi inú afẹ́fẹ́, á wú, á gbé bridge sókè. Tí ọyẹ́ bá dé, á gbẹ, á sọ̀ kalẹ̀, okùn á tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ha saddle nínú oṣù keje, tó sì ha á débi tí ọwọ́ fẹ́ gan-an, okùn á máa jà ní oṣù kìíní. Ọ̀rinrin 45 sí 55% ni gìtá fẹ́. Ẹ fi í sínú àpótí rẹ̀ pẹ̀lú hygrometer kékeré (ohun tó ń wọn ọ̀rinrin). Nọ́ọ̀tù jack pẹ̀lú, ẹ fún un díẹ̀ nígbà ọyẹ́, torí pákó tó bá súnkì kì í di jack mú mọ́.

---

Káfíńtà_Gìtá

Òótọ́ ni Ọyẹ́ sọ, ọrùn ni kó ṣáájú. Àbúrò, bí ọrùn bá ti dáa tí okùn ṣì ń jà, má ki nǹkan kan sábẹ́ saddle yẹn. Ra òmíràn, kó o sì ṣe ìṣirò rẹ̀. Ohun tó o bá yọ lára saddle, ìdajì rẹ̀ ló ń hàn ní fret 12. Láti 3.2 sí 2.2 jẹ́ mìlímítà 1, ìyẹn ni pé mìlímítà 2 ti lọ lábẹ́ okùn kẹfà. Bó o bá fẹ́ 2.5 fún kẹfà àti 1.8 fún kìíní, saddle tuntun gbọ́dọ̀ ga ju ti ìsinsìnyí lọ ní 0.6 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹfà, 0.8 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kìíní. Fi 0.2 kún un fún sáńdípépà.

Ìdí mìíràn wà tí o kò fi gbọdọ̀ fi èyí tó kéré yìí sílẹ̀. Bí saddle bá yọ lókè bridge ní ohun tí kò tó mìlímítà 2, okùn kò ní tẹ̀ kọ́rọ́ mọ́ láti orí rẹ̀ lọ sí pín, agbára tó ń tẹ pickup á dínkù, ohùn á rọ fún gbogbo okùn.

Eegun màlúù dára létí, ṣùgbọ́n ibì kan lára rẹ̀ lè rọ̀ ju ibòmíràn lọ, pickup sì máa ń gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn. Fún gìtá tó ń lọ sínú ańpù lójoojúmọ́, Tusq (ohun àtọwọ́dá tí wọ́n fi ń rọ́pò eegun) ni màá mú, ara rẹ̀ dọ́gba. Wọn nínípọn ihò rẹ kó o tó rà á. Kó o sì tọ́jú èyí tó o ti ha yìí: bí òjò bá tún gbé ojú gìtá sókè lọ́dún tó ń bọ̀, òun gan-an lo máa fi sí i.